Má Dúró De Àdúrà Wa Bí Ìjì Òkun Bá Ń Bọ̀

Sìkírátù Àbẹ̀ní, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, ìyá rẹ náà kí ọ. Ara wa le ní West Ridge, ní Chicago níbí. Orúnkún tó ń dun ìyá rẹ ti fúyẹ́, ó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù láì di ọwọ́ mi mú. Afẹ́fẹ́ orí adágún ti ń tutù bọ̀ láàárọ̀, mo sì ti yọ kóòtù mi jáde.

O mọ̀ mí, n kì í kọ ìwé gígùn. Fóònù ni mo máa ń gbé, bí mo bá sì ti bi ọ́ bóyá o ti jẹun, mo ti parí ọ̀rọ̀ nìyẹn, ó ku ti ìyá rẹ. Ti òní yàtọ̀. Wá ibi jókòó kí o kà á, má kà á nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ bá ń kan ilẹ̀kùn.

Ìjì òkun tó fẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní hárikéènì, ló mú mi jókòó sídìí ìwé yìí. Jẹ́ kí n tún ìtàn náà sọ bí o ṣe sọ ọ́ fún wa, kí o lè mọ̀ pé mo gbọ́ ọ yé. Kò tíì pẹ́ rárá tí o gba iṣẹ́ alábòójútó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì etí òkun yẹn. Rédíò kéde láàárọ̀ pé kí gbogbo èèyàn kúrò nítòsí òkun. Kọ́lẹ́ẹ̀jì gbé bọ́ọ̀sì wá síwájú ilé yín. Àwọn ọmọ wọlé, wọ́n jókòó, dírẹ́bà tan ẹ́ńjìnnì. Ìwọ nìkan ló kù. O wà nínú ọ́fíìsì rẹ, ò ń tẹ nọ́ńbà wa, fóònù ò sì wọlé nítorí pé gbogbo ìlú ló ń tẹ fóònù lẹ́ẹ̀kan náà. O tẹ̀ ẹ́, o tún un tẹ̀. Ó ti di ọ̀sán kí a tó gbọ́ ohùn rẹ.

Ohun tí o sọ nìyí: "Daddy, mi ò lè lọ láì gbọ́ àdúrà yín. I just couldn't. Ẹ̀yin lẹ sọ pé tí mo bá fẹ́ travel, I have to call home first."

Ìyá rẹ gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ṣe àdúrà tó gùn dáadáa, èmi ń ṣe àmín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn àmín ìkẹyìn lo tó lọ bá wọn nínú bọ́ọ̀sì. Ọlọ́run ṣàánú wa, ìjì náà yà padà sójú òkun, kò dé ọ̀dọ̀ yín rárá.

N kò ní parọ́ fún ọ, inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Àwọn ará wa wá kí wa ní Sunday, mo sì ròyìn rẹ fún wọn. Mo ní ẹ wo ọmọ tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, tí ìjì ń bọ̀, tí kò kúrò lójú kan títí tó fi gba àdúrà òbí rẹ̀. Wọ́n ní mo kọ́ ọmọ. Mo gbé orí sókè títí wọ́n fi lọ.

Ní ọjọ́ kejì, mo tún gbé ìròyìn náà dé ọsibítù níbi iṣẹ́ mi. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì kan wà ní wọ́ọ̀dù tí mo máa ń to oògùn fún, obìnrin dúdú, ọmọ etí òkun níhà gúúsù ni, ọ̀dọ̀ ìjì ló dàgbà sí. Mo sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó bi mí pé, "How many kids were on that bus?" Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní, "And they all sat there while she called you?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn ni oúnjẹ ò ti fi bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́nu mi. Àkókò ìjì ò tíì parí lọ́dọ̀ yín. Òmíràn lè gbéra lónìí tàbí lọ́la, ó sì lè má yà. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé bí ó bá dé, wàá tún dúró ti fóònù, bọ́ọ̀sì tó kún fún ọmọ ọlọ́mọ á sì dúró tì ọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé. Gbogbo ohun tó kù tí mo fẹ́ sọ, abẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ló wà.

Èkíní. Ọ̀wọ̀ dára, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Kí n tó mú ìwọ àti ìyá rẹ wá sí orílẹ̀-èdè yìí, mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kékeré kan ní gúúsù Illinois. Àwa ọmọ Yorùbá mẹ́ta la wà níbẹ̀: èmi, Làtífù tí ìwọ mọ̀ sí Bọ̀dá Joliet, àti ọkùnrin kan tí à ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Mùsá. Ẹ̀gbọ́n Mùsá ti ṣe tíṣà nílé kó tó wá, ó ti níyàwó, ó ti bímọ. Òun ni bàbá wa níbẹ̀. Bí kò bá tíì bu oúnjẹ, àwa ò ní bù. Bí ó bá ń sọ̀rọ̀, àwa ò ní dìde.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, nígbà tí òtútù ń lọ tí ooru ń bọ̀, ojú ọ̀run ṣú lójijì, fèrè ìkìlọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké jákèjádò ìlú. Tọnẹ́dò ni, ìjì tó ń yí. Nílé, ààjà la mọ̀, èyí tí wọ́n ní ó máa ń gbé èèyàn lọ kọ́ ewé, tí á tún dá a padà lẹ́yìn ọdún méje. Tọnẹ́dò ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ewé. Ọmọ òyìnbó tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa gbá ilẹ̀kùn wa. "Basement, fellas. Now." Ó sì sáré lọ.

Ẹ̀gbọ́n Mùsá ń jẹ ìrẹsì lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ jókòó, jàre. Fèrè lásán ni. Ṣé ìjì ò ń jà nílé wa ni? Ta ló ń sá wọ abẹ́ ilẹ̀ bí eku?"

Làtífù wò mí, mo wo Làtífù. Àwa méjèèjì la mọ̀ pé ó yẹ kí a lọ, torí pé wọ́n ti kọ́ wa ní ohun tí fèrè yẹn túmọ̀ sí. Ọ̀rọ̀ dé ètè mi, mo gbé e mì. Báwo ni ọmọdé ṣe máa sọ fún àgbà pé kó dìde nídìí oúnjẹ? A jókòó. Ó jẹun tán, ó ń fọwọ́ lọ́wọ́, ni fèrèsé wó lù wá.

Ìjì náà ò tilẹ̀ gba orí ilé wa, etí rẹ̀ lásán ló kàn wá. Dígí wọ ojú òsì Làtífù, ojú náà ò sì ríran mọ́ títí di òní. Nígbà tí o wà ní kékeré, o máa ń bi í pé kí ló ṣe ojú yẹn, á sì dá ọ lóhùn pé ó ń sùn ni. Ohun tó fà á nìyí.

Gbọ́ èyí tó tẹ̀lé e. Ní ọsibítù, Ẹ̀gbọ́n Mùsá ń sunkún bí ọmọdé. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Kí ló dé tí ẹ ò fà mí dìde? Ẹ̀rù ń bà mí. Mo ń retí kí ọ̀kan nínú yín sọ pé ká lọ." Àgbà ò lè sọ níwájú ọmọdé pé ẹ̀rù ń ba òun. Ọmọdé ò lè pàṣẹ fún àgbà. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ̀wọ̀ fún ara wa títí ojú ẹnìkan fi fọ́.

Àbẹ̀ní, o sọ fún wa nípa ọmọ Nàìjíríà kan nínú ilé yín, ẹni tó ti lé ní ogójì ọdún tó ń kàwé gboyè, tí ò ń pè ní bọ̀dá. O ní ó ti ń sọ pé òun ò ní lọ sùn sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ kéékèèké nínú gbọ̀ngàn tí wọ́n ń kó àwọn tó sá fún ìjì sí. Kúnlẹ̀ kí i bí a ti kọ́ ọ. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn ni kí o ti sọ fún un pé bọ́ọ̀sì ń lọ àti pé òun náà ń bá a lọ. Bí ó bá fẹ́ bínú, kó bínú nínú bọ́ọ̀sì. Ó lè jẹ́ pé ẹni tó máa fà á dìde lòun náà ń wá. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ ìjì, nínú ilé yẹn, ìwọ ni àgbà.

Ohun kan náà ni mo sọ nípa àwọn ọ̀gá rẹ. Bí ìjọba ìlú bá ní kí ẹ máa lọ, tí ọ̀gá kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní kí ẹ ṣì ní sùúrù, sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé o ti ń kó àwọn ọmọ lọ. Iṣẹ́ mìíràn wà ní Chicago. Bí wọ́n bá lé ọ, yàrá rẹ ò tíì ní ayálégbé.

Èkejì. Má padà wọlé nítorí ẹrù.

Èyí tún jẹ́ ìtàn tèmi, ìyá rẹ sì ti ń rẹ́rìn-ín bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ní ọdún tí ẹ dé, ilé tí a kọ́kọ́ gbé gbiná láti ibi ìdáná ẹni tó wà nísàlẹ̀ wa. Yìnyín kún ìta. Ìyá rẹ gbé ọ pọ̀n, ó jáde láì wọ bàtà. A ti dé òpópónà kí n tó rántí àpótí ìwé ẹ̀rí mi lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. O mọ bí àwa ọmọ Nàìjíríà ṣe rí. A lè gbàgbé bàtà, a kì í gbàgbé sẹ̀tífíkéètì. Mo padà sínú èéfín. Mo gbé àpótí náà jáde, mò ń wúkọ́, mò ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ṣẹ́gun.

Ìyá rẹ dúró nínú yìnyín, ìwọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kó tó bá mi sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa sọ ọ́, ó ní, "Ṣé ìwé yẹn ni ì bá bá mi tọ́ ọmọ yìí?"

Nítorí náà, nísinsìnyí tí oòrùn ń ràn, kó pásípọ́ọ̀tù rẹ àti àwọn ìwé rẹ sínú náílọ́ọ̀nù, dì í kí omi má wọ̀ ọ́. Wá báàgì kan. Fi náílọ́ọ̀nù náà sí i, pẹ̀lú oògùn ikọ́ fée rẹ tó máa tó ọ fún ọ̀sẹ̀ méjì, tọ́ọ̀ṣì àti bátìrì, rédíò kékeré, aṣọ ìpààrọ̀, omi àti bísíkíìtì. Gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Kí àwọn ọmọ náà ṣe tiwọn. Nítorí pé apoògùn ni mí, jẹ́ kí n fi kún un pé kí o mọ ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ nínú wọn, àti ẹni tó ní wárápá. Irú àwọn wọ̀nyẹn máa ń fi pamọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ wọn. Bi wọ́n ní kọ̀rọ̀, kí o sì rí i pé oògùn wọn wà nínú báàgì kí wọ́n tó wọ bọ́ọ̀sì. Ohun tí kò bá sí nínú báàgì lọ́jọ́ náà, fi sílẹ̀ fún ìjì. Omi ló dànù, agbè ò fọ́.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí mo ní láti bẹ ìyá rẹ kí n tó kọ ọ́.

Nígbà tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ débẹ̀, o pè wá, o ní, "Mummy, we're going to practice. In case the hurricane hits, a máa kó gbogbo students lọ sí..." Ìyá rẹ ò jẹ́ kí o parí rẹ̀. Ó ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. A ò ní rí i. Change that topic." Ìwọ náà gbà, o bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ẹja tí wọ́n ń tà létí òkun. Títí di òní, a ò mọ ìlú tí ẹ fẹ́ kó àwọn ọmọ yẹn lọ.

Bí a ṣe máa ń ṣe nìyẹn. A rò pé bí a bá ti dárúkọ ibi, a ti pè é wá. Ẹ̀pẹ́ ni mo dàgbà sí, lẹ́bàá ọ̀sà, níbẹ̀ kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó rì níwájú ẹni tó fẹ́ wọ ọkọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ń yẹ ìdí ọkọ̀ wò, tí wọ́n ń gbọ́n omi inú rẹ̀, tí wọ́n ń wo ojú ọ̀run. Bí ojú ọ̀run ò bá dára, wọ́n á so ọkọ̀ mọ́ òpó, wọ́n á padà sílé lọ jẹun. Nílé kéwú, wọ́n kọ́ wa pé kí èèyàn so ràkúnmí rẹ̀ kó tó fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Ràkúnmí ò sí ní Ẹ̀pẹ́, ọkọ̀ là ń so, ẹ̀kọ́ náà sì yé wa.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Sọ ọ̀rọ̀ náà ní gbangba. Kó àwọn ọmọ náà jọ, ẹ rin ọ̀nà tí ẹ máa gbà jáde kí ẹsẹ̀ wọn mọ̀ ọ́n. Yan ẹni tó máa ran ọmọ tó ń lo kẹ̀kẹ́ arọ lọ́wọ́, nítorí pé bí iná bá lọ, ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn lọ sókè sódò ò ní ṣiṣẹ́. Kí àwọn tó ní mọ́tò máa rọ epo kún un nígbà tí ìjì ṣì jìnnà. Àwọn ọmọ tó ti òkè òkun wá ni kí o kọ́kọ́ wá ibi fún. Àwọn tó nílé nítòsí, àwọn òbí wọn á wá gbé wọn. Ọmọ tó wá láti ìlú tó jìnnà máa ń sọ pé òun á dúró sínú yàrá òun, kì í ṣe pé kò bẹ̀rù, kò níbi tó ń lọ ni. Èmi náà ti jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Bí wọ́n bá ti ilé-ẹ̀kọ́ pa fún ìsinmi, a kì í mọ ibi tí a máa gbé orí sí.

Mo padà lọ bá ọ̀gá nọ́ọ̀sì yẹn. Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ ohun tó mọ̀ fún mi, a sì jọ jókòó nígbà oúnjẹ ọ̀sán. Ó ní ariwo afẹ́fẹ́ ló ń dẹ́rù ba èèyàn, ṣùgbọ́n omi ló ń pa á. Òkun á dìde, á wọ àárín ìlú, kò sì ní fún ẹnikẹ́ni láyè láti ronú. Nítorí náà, kí ẹ lọ sí ibi tó jìnnà sí òkun, kí ẹ sì lọ ní kùtùkùtù, kí ọ̀nà tó dí.

Ó tún ní ìjì náà ní àárín tó dákẹ́. Afẹ́fẹ́ á dáwọ́ dúró, oòrùn lè yọ, àwọn èèyàn á jáde, wọ́n á máa kí ara wọn kú oríire. Nígbà yẹn gan-an ni ìdajì kejì á dé láti ìhà kejì. Àbúrò bàbá rẹ̀ kan jáde lọ wo ajá rẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Kò sọ bó ṣe parí, mi ò sì bi í.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ẹ ò rí ọ̀nà jáde mọ́, ẹ má dúró ní ìsàlẹ̀ pátápátá nítorí omi, ẹ má sì gun òkè pátápátá nítorí afẹ́fẹ́. Kọ̀rídọ̀ àárín ilé tí kò ní fèrèsé ni kí ẹ jókòó sí. Kí omi ẹ̀rọ tó dá, ẹ pọn omi kún inú báàfù, kí ẹ lè fi fọ nǹkan, kí ẹ sì tọ́jú èyí tí ẹ máa mu lọ́tọ̀. Tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ lò, ẹ má tan àbẹ́là. Bí iná mànàmáná bá lọ fún ọjọ́ mélòó kan, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ dá iná èédú nínú ilé, nítorí pé èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn nínú oorun. Lẹ́yìn ìjì, ẹ má fi ẹsẹ̀ kan wáyà tó já sílẹ̀, ẹ má fi mọ́tò la omi kọjá bí ẹ ò bá rí ojú títì. Ẹran tó ti yọ́ nínú fíríìjì, ẹ dà á nù. Mo mọ̀ pé ó máa dùn ọ́, ọmọ ìyá rẹ ni ọ́.

Mo tún fẹ́ bá ọ sọ nǹkan kan nípa ara rẹ. Mo mọ ọ́. Láti kékeré, bí a bá pín ẹran, ìwọ lo máa ń mú kẹ́yìn. Ó dára nídìí ẹran. Òjò ò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí leji ń pa, eji ò sì mọ̀ pé ìwọ ni alábòójútó. Ka àwọn ọmọ rẹ, wo gbogbo yàrá, kí o wọ bọ́ọ̀sì lẹ́yìn ẹni ìkẹyìn, kí dírẹ́bà ti ilẹ̀kùn. Bí ẹnìkan bá kọ̀ jálẹ̀ lẹ́yìn tí o ti bẹ̀ ẹ́ tí o ti pàṣẹ fún un, sọ fún ọlọ́pàá, kí o lọ pẹ̀lú àwọn tó kù. Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ní í bá ogun lọ. Bí o bá sá, mi ò ní tijú rẹ lójú ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àdúrà.

Nígbà tí mo sọ ohun tí mo fẹ́ kọ fún ìyá rẹ, ó ká ọwọ́ lérí. Ó ní, "Kí ọmọ mi máa rin ìrìn àjò láì gba àdúrà? Ṣé ohun tí o fẹ́ kọ́ ọ nìyẹn? After everything?"

Mo ní, "Nígbà tí line ò lọ lọ́jọ́ yẹn, ibo ni àdúrà wa wà? Ṣé inú wáyà ni?"

Ó ní kí n má fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní mi ò ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní, "Ká ní mo wà ní work, ìwọ náà wà ní Tinley Park lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ. Ọmọ yìí pè, pè, kò sẹ́ni tó gbé e. Kí ló máa ṣe?"

Ìyá rẹ ní, "Á dúró." Ó tún un sọ: "Á dúró, ọmọ yìí. Mo mọ̀ ọ́n." Ó jókòó sórí àga, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mi ò rí i kó sunkún bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Àbẹ̀ní, a ò kọ́ ọ ní ohun tí kò dára. Ọmọ tó ń gba àdúrà kó tó jáde, ọmọ gidi ni, mi ò sì fẹ́ kí o jáwọ́ nínú rẹ̀. Bí o bá ń lọ sí ìrìn àjò ìgbafẹ́, pè wá. Bí o bá ń lọ wo ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọ, jọ̀ọ́, pè wá dáadáa. Ti ìjì nìkan ni mo yọ sọ́tọ̀, nítorí pé ìjì ò ní dúró de àmín.

Lánàá, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a tẹ́ ẹní sí pálọ̀, àwa méjèèjì sì ṣe àdúrà fún ìrìn àjò yòówù tí ìjì lè mú ọ rìn, ní ọdún yìí àti ní gbogbo ọdún tí o bá fi wà níbẹ̀. Ìyá rẹ ló ṣáájú. Ó ṣe é fún ọ̀nà, ó ṣe é fún dírẹ́bà, ó ṣe é fún táyà bọ́ọ̀sì. Ó ṣe é fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Nígbà tí kò mọ orúkọ ẹnì kankan nínú wọn, ó pè wọ́n ní àwọn ọmọ Àbẹ̀ní. Èmi ṣe àmín títí ohùn mi fi há.

Àdúrà náà ti parí, a ti fà á lé Ọlọ́run lọ́wọ́, o kò ní láti tún un gbà mọ́. Àṣẹ tí ò ń wá lọ́wọ́ wa lọ́sẹ̀ tó kọjá, òun ni mo fi ìwé yìí fún ọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ, máa lọ. Má fọwọ́ kan fóònù ọ́fíìsì yẹn. Nígbà tí o bá dé ibi tí omi ò lè dé, tí àwọn ọmọ rẹ ti jẹun, kí o tó wá fóònù. Bí o kò bá rí i lọ́jọ́ yẹn, ó di ọjọ́ mìíràn. Ìyá rẹ ní kí n kọ ọ́ síbí pé òun ò ní bínú, òun ò sì ní kà á sí àìgbọràn.

Bí a bá gbọ́ nínú ìròyìn pé ìjì ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, àwa méjèèjì á jókòó sí pálọ̀. Bí fóònù ò bá dún, a óò mọ̀ pé ọmọ wa ti lọ. Kò sí ohùn tí mo fẹ́ràn láyé ju ohùn rẹ lọ, Àbẹ̀ní. Má jẹ́ kí n gbọ́ ọ láti inú ilé yẹn lọ́jọ́ náà.

Èmi ni bàbá rẹ.